Àìsàn òbí, ìbéèrè ọmọ



  Orí sùúrù ni wọ́n ní kí n kọ̀wé lé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Mo gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà lọ́kàn mi, òun ni mo sì máa kọ.

Ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn sààrì, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wá dúró tì mí níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ti rí oògùn mi lẹ́yìn agolo Milo. Ó ti wo orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ti mọ̀ pé oògùn ìsoríkọ́ ni. Ó tún ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń sọ nípa màmá wa ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí a rò pé ó ti sùn. Ó so méjèèjì pọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, Màmá Ìsẹ́yìn ní i, ẹ̀yin náà ní i. Ṣé èmi náà máa ní i?"

Mo ní kó lọ ṣe àlùwàlá, pé àkókò ìrun àsùbáà ti tó. Ó wò mí, ó sì lọ. Ìgbà tí mo forí kanlẹ̀ lórí ìrun ni mo tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà ní ogójì ọdún sẹ́yìn ni mo ṣe fún un yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí oorun kọ màmá mi. Wọn a máa fọ aṣọ lóru, wọn a máa dá sọ̀rọ̀, wọn a tún máa rẹ́rìn-ín sí ohun tí àwa kò rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a jí, a ò bá wọn nílé. Bàbá mi ní wọ́n lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Aṣọ ni màmá mi ń tà, nítorí náà mo gbà á gbọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí mò ń wo ọ̀nà fún ẹrù àdìrẹ. Ọmọ kíláàsì mi kan ló là mí lójú níjọ́ tí a jà lórí pẹ́ńsù. Ó ní, "Ṣebí Arò ni ìyá ẹ wà."

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ilé ìwòsàn tó ti wo ọ̀pọ̀ èèyàn sàn ni Arò, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, èébú ni. Àwọn ará Dublin náà ní tiwọn. Ẹ bi àwọn àgbà Irish tó ń gbé ládùúgbò yín ohun tí wọ́n ń fi orúkọ Grangegorman halẹ̀ mọ́ ọmọdé nígbà kan. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa ń lọ ka ìwé ní TU Dublin lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀ pé ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ni ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, orílẹ̀-èdè yìí, tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, ní nǹkan bí 20,000 èèyàn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ pé àwa nìkan la mọ bí a ṣe ń fi nǹkan báyìí pamọ́, a ń ṣe ara wa ní àṣejù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n mú màmá mi lọ, mo fọ́ àwo tánganran kan. Màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún lé àwo náà lórí bí ẹni tí òkú kú fún. Èmi náà ṣe ìṣirò tèmi: èmi ni mo kó bá wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé èmi ni. Kò sì sí ẹni tó sọ pé èmi kọ́. Mo gbé e káyà títí mo fi lé ní ọmọ ogún ọdún.

Mi ò kọ èyí láti bú bàbá mi. Ọlọ́hun yóò kẹ́ wọn. Wọn kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ní ẹ̀sẹ̀ nílẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa àti nínú àṣà wa. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé ẹni tó bá bo àṣírí ọmọ ìyá rẹ̀ mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀ náà. Kò sí àdúà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ju kí Ọlọ́hun bò wá láṣìírí lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì tún wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí ìdílé méjì ṣe máa ń wádìí ara wọn: ṣé wárápá kò sí níbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣé wèrè kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá dé Arò lè mú kí ọmọbìnrin márùn-ún jókòó sílé baba wọn. Bàbá mi ń dáàbò bo ìyàwó wọn, wọ́n sì ń dáàbò bo àwa ọmọ.

Ìbéèrè mi ni pé: lójú ta ni a ń bo àṣírí náà? Aládùúgbò wà níta ilẹ̀kùn. Bí a bá ti ilẹ̀kùn, a bò ó lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọmọ wà. Òun ló gbọ́ ohùn lóru. Òun ló jẹ búrẹ́dì lásán fún oúnjẹ alẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè dìde. Kò sí bí a ṣe lè bo ohun tí ó ti rí mọ́ ọn lójú. Ìtumọ̀ ohun tó rí nìkan la lè fi dù ú, bí a bá sì fi dù ú, á wá ìtumọ̀ fúnra rẹ̀, àwo tánganran ni yóò sì mú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìbòṣírí ti kúrò ní àánú. Ìdílé ti ju ìtìjú àgbà lé orí ọmọdé láìmọ̀. Àlùkùráánì sì ti sọ ọ́ fún wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kò sí ẹ̀mí kan tí yóò ru ẹrù ẹ̀mí mìíràn.

Ó dáa. Kí ni mo wá lè dá ọmọ mi lóhùn? Irọ́ méjì ló rọrùn láti pa. Ọ̀kan ni pé, "Rárá o, kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ láéláé, ní orúkọ Ọlọ́hun." Èkejì ni èyí tí àwọn ìdílé ń rò nínú tí wọn kì í sọ jáde: inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, kò sí ohun tí ẹnì kan lè ṣe sí i.

Òótọ́ wà láàárín. Bí 1 nínú 100 èèyàn ni àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia máa ń mú nígbà ayé rẹ̀. Bí ìyá tàbí bàbá ẹni bá ní i, ó máa ń sún mọ́ 10 nínú 100. Ìyẹn pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kò yẹ kí a sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìyókù náà: nǹkan bí 90 nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní ní i. Ní ọdún 2014, Daniel Rasic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ nípa àwọn ọmọ tí òbí wọn ní àìsàn ọpọlọ tó le, títí kan ìsoríkọ́ tó le gan-an. Wọ́n rí i pé bí 1 nínú 3 àwọn ọmọ náà ni àìsàn ọpọlọ tó le mú nígbà tí wọ́n fi di géńdé, kì í sì í ṣe irú èyí tó mú òbí wọn nìkan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo ní ọmọ mẹ́ta. Ó gbà mí ní ọjọ́ púpọ̀ kí n tó mọ̀ pé ìṣirò yẹn kò sọ pé kí n mú ọ̀kan nínú wọn sọ́tọ̀.

Ohun tó yí ọkàn mi padà ni ìwádìí méjì mìíràn. Ní Finland, Pekka Tienari àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa àwọn ọmọ tí ìyá tó bí wọn ní schizophrenia, ṣùgbọ́n tí ìdílé mìíràn gbà tọ́. Àwọn tó bọ́ sí ilé tí ọ̀rọ̀ ti já geere, tí ìjà kò pọ̀, ni àìsàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lára wọn. Àwọn tó bọ́ sí ilé tí nǹkan ti dàrú ló hàn jù lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé wá jọra, àmọ́ ilé tí wọ́n bọ́ sí kò jọra. Èkejì jáde ní ọdún 2006 láti ọwọ́ Myrna Weissman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn ìyá tó ní ìsoríkọ́. Ìyá ni wọ́n tọ́jú. Níbi tí ara ìyá ti yá láàárín oṣù mẹ́ta, ìṣòro ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀ dín kù. Níbi tí ara ìyá kò ti yá, ti àwọn ọmọ kò dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún méjì ni mo fi sá fún oògùn lẹ́yìn tí mo bí àbíkẹ́yìn mi. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí àwọn ọmọ ni: kí wọ́n má rí ìyá wọn tó ń lo oògùn orí, kí ẹnikẹ́ni má sì wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ìbẹ̀rù Tusla wọ́pọ̀ láàárín wa ju ìbẹ̀rù àìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin kan á sunkún mọ́ mi lọ́rùn lẹ́yìn ìrun àṣámù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé iwájú GP, wọ́n á ní ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n. Pé ẹnì kan ní ìsoríkọ́, tó sì ń gba ìtọ́jú, kì í ṣe ìdí tí a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni. Ilé tí àìsàn wà, tí kò sí ẹni tó mọ̀, tí kò sí ìtọ́jú, ni ọ̀rọ̀ ọmọ ti lè wá bàjẹ́.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé àìlágbára ìgbàgbọ́ ni. Mo fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ka Súrà Yúsúfù nínú oṣù yìí. Ànábì Yáàkúbù banújẹ́ títí ojú rẹ̀ fi funfun. Àwọn ọmọ rẹ̀ nílé bínú sí i, wọ́n ní kò ní yéé ronú kan Yúsúfù títí yóò fi pa ara rẹ̀ run. Ó ní Ọlọ́hun ni òun ń ké ìbànújẹ́ òun sí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ Ànábì kò tó. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé Ọlọ́hun kò bo ọ̀rọ̀ ilé yẹn. Ó fi ìbànújẹ́ bàbá àti ìbínú àwọn ọmọ sínú Àlùkùráánì, àwa sì ń ké e nínú ìrun.

Ìtọ́jú rẹ̀ náà kì í ṣe nǹkan òyìnbó lásán. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìlera ara àti ìlera ọkàn pa pọ̀. Ní Cairo, ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ ní 1284 ní àyè fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá. Ọ̀dọ̀ wa náà, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọdún 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí ará ilé aláìsàn kan wá bá a gbé níbẹ̀, kó máa se oúnjẹ fún un. Ayé wá wò ó, wọ́n kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ló ronú rẹ̀: pé ẹbí aláìsàn wà lára ìtọ́jú rẹ̀.

Èyí ló máa ń dùn mí jù ní Dublin. Ta ni yóò bá wa lọ sí abúlé? Nígbà tí màmá mi ṣàìsàn, àbúrò wọn tẹ̀ lé wọn lọ, ìyá bàbá mi sì wá ń sùn tì wá. Níhìn-ín, ìyá, bàbá àti ọmọ nìkan ni. Bí ìyá bá ṣubú tí bàbá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, ọmọ àkọ́bí ni yóò di ìyá. Òun ni yóò múra fún àwọn àbúrò, òun ni yóò purọ́ fún tíṣà, òun náà la ó tún mú lọ sọ́dọ̀ dókítà kó lọ ṣe ògbufọ̀ fún ìyá tí kò gbọ́ òyìnbó dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí. Ẹ béèrè fún ògbufọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá kò yẹ kó máa sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ìyá òun ní òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́.

Àwa jámáà náà jẹ̀bi. Bí arábìnrin kan bá bímọ, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín á kún ilé rẹ̀. Bí ó bá wá rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àdúà lórí WhatsApp la ń fi ránṣẹ́. Àdúà dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ nílò àgbàlagbà kan tí yóò máa mú un lọ sí mádírásà ní Sátidé, tí yóò sì mọ̀ bí kò bá jẹun.

Nípa àwẹ̀: Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, àìsàn ọpọlọ sì jẹ́ àìsàn. Ẹni tó ń lo lithium kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí bí omi bá gbẹ lára, oògùn yẹn lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì di májèlé. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi àìsùn náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún sààrì àti ìrun òru. Ẹ má fi ojú burúkú wo ẹni tó ń mu omi.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé kí a wá máa sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ọdún márùn-ún ni? Rárá. Ó lóye. Ní Maynooth tó wà nítòsí wa níhìn-ín, Sinéad McGilloway àti àwọn olùwádìí Yunifásítì ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní PRIMERA. Wọ́n mú ètò Family Talk, tí William Beardslee dá sílẹ̀ ní Boston, wọ inú àwọn ibi ìtọ́jú ní Ireland. Bí ìpàdé méje ni. Wọ́n á kọ́kọ́ bá òbí sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́ ti ọmọ lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni òbí á fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé àìsàn náà fún ọmọ rẹ̀: pé àìsàn ni, pé kì í ṣe ọmọ ló fà á, pé ìtọ́jú wà. Ẹ bi GP yín tàbí àwọn tó ń tọ́jú yín bóyá ó wà ládùúgbò yín. Fún ọmọ tó ti lé ní méjìlá, Jigsaw wà, títí dé ọdún 25. Childline ni 1800 66 66 66, Samaritans sì ni 116 123, tọ̀sán-tòru, kò gba kọ́bọ̀.

Ohun kan kù tó ń dí mi lọ́wọ́. Tèmi ni mo lè sọ. Ti màmá mi kì í ṣe tèmi. Àṣírí wọn ni, ẹ̀tọ́ wọn sì ni ìbòṣírí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Mo pè wọ́n ní Ìsẹ́yìn lẹ́yìn ìṣínu. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ọmọ yín ń bi mí nípa ìgbà tí ẹ lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣé mo lè sọ fún un?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Kí ni wọ́n sọ fún ẹ nígbà náà?"

Mo ní wọ́n ní ẹ lọ ra àdìrẹ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé ta ló ń se oúnjẹ fún wa nígbà yẹn, pé àwọn kò lè rántí. A sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Mo sọ ti àwo tánganran fún wọn. Wọn ò rántí àwo kankan.

Wọ́n ní, "Fún un ní fóònù, kó bi èmi fúnra mi."

Mo pe ọmọ mi. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá, nígbà tó yá ó ń po òyìnbó mọ́ ọn. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ ṣé. Ẹ̀rù ló kàn ń bà mí." Mo lọ kí Ìṣáì mi nínú yàrá. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ṣì wà lórí fóònù.